Inú èérí tí ẹ ń dà fún ewúrẹ́ ni èròjà yẹn wà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé, n kò jìnnà sí Ìsìnkàn. Obìnrin tó ń ta ọkà fún mi ní Ọjà Ọba sọ pé omi orí ògì ọkà bàbà pupa ní èròjà kan tó ń dènà ọ̀rá kí ó má wọ ara, pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti dán an wò. Láti oṣù méjì sẹ́yìn ni mo ti ń mu ife kan ní tútù lẹ́yìn tí mo bá jẹ àkàrà tàbí àsun. Ikùn mi ò fà sẹ́yìn rárá. Ṣé irọ́ ni, àbí bí mo ṣe ń ṣe ògì mi ni kò dára? Mo máa ń fi aṣọ sẹ́ ẹ títí á fi jọ̀lọ̀. Ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ oṣù mẹ́jọ náà ń mu nínú ògì yìí, àbúrò mi obìnrin tó lóyún sì ń gbé lọ́dọ̀ mi.

Ìdáhùn: Mà, ìyá ọlọ́kà kò parọ́ pátápátá. Èròjà wà nínú ọkà tó lè dí ẹ́ńsáìmù (ohun tí ara ń ṣe láti fi da oúnjẹ) tí ń da ọ̀rá lọ́wọ́, wọ́n sì ti rí i nínú àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n díẹ̀ kíún ló wà nínú omi tí ẹ ń mu. Inú èérí tí ẹ fi aṣọ sẹ́ kúrò ló pọ̀ sí, ewúrẹ́ ló sì ń jẹ ẹ́. Èyí tó wà nínú èérí gan-an pàápàá, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ìgò àyẹ̀wò kọ́ ló ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ikùn èèyàn. Ẹ jẹ́ ká tú u wò, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ ó dì mú àti èyí tí ẹ ó jù sílẹ̀.

Ọ̀rá inú epo pupa tàbí inú àsun kò lè gba ara ìfun kọjá bó ṣe wà. Ó tóbi jù. Ẹ fojú inú wo ìtì igi kan tó ní ẹ̀ka mẹ́ta: bí ẹyọ ọ̀rá kan ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí oúnjẹ bá kúrò níkùn tó bọ́ sínú ìfun kékeré, òróòro á kọ́kọ́ fọ́ òróró náà sí wẹ́wẹ́, bí ọṣẹ ṣe ń tú ọ̀rá ara abọ́. Lẹ́yìn náà ni láípéèsì á dé. Ẹ́ńsáìmù ni, inú páńkíríásì, ẹ̀yà ara tó sùn sí ẹ̀yìn ikùn, ló ti ń wá. Á bà lé ojú ẹ̀kán òróró wẹ́wẹ́ yẹn, á gé ẹ̀ka méjì kúrò, á fi ẹ̀ka kan sílẹ̀ lára ìtì. Àwọn tó ti gé yẹn ni ara ń fà mu. Bí láípéèsì kò bá ráyè gé e, ọ̀rá náà á bá ìgbẹ́ jáde ni.

Ọ̀nà méjì ni èròjà inú ọkà lè gbà dí i lọ́wọ́. Ó lè lẹ̀ mọ́ láípéèsì fúnra rẹ̀, kó dí ẹnu tó fi ń gé nǹkan. Ó sì lè bo ojú ẹ̀kán òróró, tí láípéèsì kò fi ní ríbi bà lé. Àwọn tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni tánìnì, èyí tó ń fa ẹnu pọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì gbó, àwọn polyphenol kéékèèké (èròjà tí ewéko ń ṣe, ẹbí kan náà pẹ̀lú tánìnì) bíi ferulic acid, àti phytate, èròjà mìíràn tí hóró ọkà ń kó pamọ́. Èèpo ọkà àti ojú ọkà, ibi tí ọkà ti ń hù, ni wọ́n fi ṣe ilé. Inú funfun ọkà, tó ń di ògì jíjọ̀lọ̀, kò ní púpọ̀ nínú wọn.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ pupa tàn yín jẹ. Kì í ṣe gbogbo ọkà bàbà pupa ló ní tánìnì. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà láàárín èèpo òde àti funfun inú ló ń kó o sí, ọ̀pọ̀ ọkà pupa ni kò sì ní awọ yẹn. Ẹ mú hóró mẹ́wàá, ẹ fi abẹ ha èèpo wọn díẹ̀díẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí ẹ bá kan ìpele dúdú tàbí èyí tó jọ àwọ̀ ilẹ̀ kí ẹ tó kan funfun, tánìnì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ti ara èèpo pupa bọ́ sórí funfun tààrà, àwọ̀ lásán lẹ rà. Ẹ sì lè jẹ hóró méjì lẹ́nu: alátánìnì á fa ahọ́n, á gbẹ ẹnu. Bákan náà, hóró ọkà yàtọ̀ sí pòpórò ọkà bàbà tí àwọn elewé-ọmọ ń tà fún àgbo ẹ̀jẹ̀. Àpò ewé ọkà ni ìyẹn, ohun tó mú un pọ́n sì jẹ́ irú polyphenol mìíràn.

Ó wá ku omi tí ẹ ń mu. Ẹ jẹ́ kí n fi àgbàdo ṣe àpẹẹrẹ, nítorí èèpo rẹ̀ ni iye rẹ̀ hàn kedere. Nínú kílò kan èèpo àgbàdo gbígbẹ, ferulic acid lè tó gíráàmù 25 sí 30. Ó pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ó so mọ́ okùn ara èèpo náà pinpin, omi lásán kò lè tú u. Ti ọkà bàbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, kódà bí ti inú rẹ̀ kò tó ti àgbàdo. Tánìnì ní tirẹ̀ fẹ́ràn púrótéènì ju ohunkóhun lọ. Bí ẹ̀rọ bá ti lọ ọkà báyìí, á dì mọ́ púrótéènì ọkà náà, á sì bá èérí lọ. Ohun tó wá kù sínú omi orí ògì ni kíkan tí kòkòrò àìfojúrí ṣe, ṣúgà díẹ̀, àti àwọn kòkòrò àìfojúrí ọ̀hún fúnra wọn. Ó kan, ó ń ta lẹ́nu, ó sì wúlò láti fi rẹ àgbo. Àmọ́ láti dí ọ̀rá lọ́nà, kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́ tó lè fi ṣe é.

Ṣé kíkan náà kò wá wúlò ni? Ó wúlò, ó sì tún ń bà á jẹ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ti dùn. Kòkòrò tó máa ń pọ̀ jù nínú ògì ni Lactiplantibacillus plantarum, tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus plantarum tẹ́lẹ̀. Ó ní ẹ́ńsáìmù tó lè já ferulic acid kúrò lára okùn èèpo, ìyẹn sì ni ìdí tí ọkà kíkan fi lè ní polyphenol tó wà lómìnira ju ọkà tútù lọ. Ṣùgbọ́n kòkòrò kan náà yìí kì í dúró síbẹ̀. Bí ó bá ti já a tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà sí nǹkan mìíràn. Tánìnì náà ń dínkù bí ọkà ṣe ń pẹ́ nínú omi. Nítorí náà, ẹni tó rò pé bí ògì bá ṣe kan tó ni èròjà rẹ̀ á ṣe pọ̀ tó ṣì í. Rírẹ ọjọ́ méjì àti kíkan ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀ ti tó. Ògì tó ti lo ọ̀sẹ̀ kan nínú garawa ti kọjá ibẹ̀.

Nípa àyẹ̀wò tí wọ́n sọ fún yín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni àṣìgbọ́ ti ń wọlé. Nílùú yín níbẹ̀, ẹ̀ka ìmọ̀ bíòkẹ́místìrì ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, ti tẹ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ jáde lórí bí polyphenol inú oúnjẹ wa ṣe ń dí àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń da sítáàṣì lọ́wọ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wo ti láípéèsì jọ ìyẹn. Wọ́n á lọ ọkà kúnná, wọ́n á fi methanol tàbí acetone fa èròjà inú rẹ̀ jáde. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe ògì. Wọ́n á da ohun tó jáde mọ́ láípéèsì tí wọ́n mú láti ara ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n á wá fún láípéèsì yẹn ní nǹkan àtọwọ́dá kan tó máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bó bá gé e. Bí àwọ̀ náà kò bá yọ dáadáa, ẹ́ńsáìmù ti rọ nìyẹn. Iye èròjà tó lè sọ iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù di ìdajì ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀.

Iṣẹ́ gidi ni, a kò sì gbọ́dọ̀ fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ nínú ìgò yẹn, láípéèsì nìkan ni púrótéènì tí tánìnì rí dì mọ́. Lẹ́nu yín, itọ́ ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Níkùn, á bá púrótéènì ẹ̀wà inú àkàrà àti ti ẹran àsun. Tánìnì kò mọ láípéèsì yàtọ̀ sí ẹ̀wà; èyí tó bá sún mọ́ ọn jù ló máa dì mú. Kó tó dé ìfun, ọwọ́ rẹ̀ ti kún. Òróòro sì wà nínú ìfun pẹ̀lú, òun náà ń tú ohun tó ti dì. Ìdí nìyẹn tí ohun tó mú láípéèsì rọ nínú ìgò fi lè kọjá nínú èèyàn láìfọwọ́ kan ọ̀rá.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí dídí láípéèsì gidi ṣe ń rí, ẹ wo orlistat, oògùn tí àwọn dókítà ń kọ fún sísanra. Inú ohun tí bakitéríà kan, Streptomyces toxytricini, ń ṣe ni wọ́n ti rí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń wọ ẹnu láípéèsì gan-an, ó sì ń tì í pa. Mílígíráàmù 120 pẹ̀lú oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ń jẹ́ kí bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rá inú oúnjẹ kọjá láìwọ ara. Pẹ̀lú gbogbo agbára yẹn, tí a bá kó àwọn ìwádìí ńlá tó pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ jọ, ohun tí àwọn tó lò ó fi fúyẹ́ ju àwọn tó ṣọ́ oúnjẹ nìkan lọ kò ju bíi kílò mẹ́ta. Ó sì ní àmì tí kò ṣeé fi pamọ́: ìgbẹ́ á di olóròóró, á máa léfòó, nígbà mìíràn òróró á máa jáde fúnra rẹ̀ sára aṣọ. Fítámì A, D, E àti K, tí ọ̀rá ń gbé wọlé, á bá a lọ pẹ̀lú.

Ẹ fi èyí wọn omi ògì yín, mà. Ká ní ó ń dí láípéèsì lọ́nà tó lè fa ikùn sẹ́yìn ni, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ì bá ti sọ fún yín láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Bí ẹ bá sì rí irú ìgbẹ́ olóròóró bẹ́ẹ̀ láìlo oògùn yẹn, ẹ má ka á sí iṣẹ́ ògì o. Àìsàn páńkíríásì tàbí dídí ọ̀nà òróòro lè fà á. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Nítorí náà, ẹ lè jáwọ́ nínú ife omi tútù yẹn. Kíkan rẹ̀ ń dá ọ̀pọ̀ kòkòrò búburú dúró, àmọ́ kì í dá gbogbo wọn dúró, pàápàá bí ó bá jẹ́ omi kànga tí ẹ kò sè lẹ fi pò ó.

Èérí ni mo fẹ́ kí ẹ gbà padà. Kì í ṣe torí pé yóò ti láípéèsì pa. Okùn inú rẹ̀ ń jẹ́ kí èèyàn tètè yó, ó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọrùn, kì í sì í jẹ́ kí sítáàṣì ẹ̀kọ di ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wàràwàrà bíi ti ògì jíjọ̀lọ̀. Bí polyphenol rẹ̀ bá ṣe díẹ̀ sí ọ̀rá, èrè orí ọjà ni. Bí ẹ ó ti ṣe é nìyí.

Ẹ ra kóńgò kan, bíi kílò kan àbọ̀. Ẹ ṣà á lójú oòrùn, nítorí nígbà tí ẹ bá ń jẹ èèpo, ẹ̀gbin ara èèpo náà ń bá a wọlé. Oró tí ìhu, ìyẹn èbu ara oúnjẹ, ń ṣe, aflatoxin àti fumonisin, máa ń pọ̀ jù lára èèpo àti ojú ọkà, sísè kò sì lè mú un kúrò. Hóró tó ti hu, tó dúdú lójú, tó fọ́ tàbí tí kòkòrò ti jẹ, ẹ kó o dànù. Ẹ má fi í fún adìẹ pàápàá. Bí ọkà náà bá ń rùn bí ilé tí òjò ń jò sí, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Èyí ni apá tí n kò fẹ́ kí ẹ fojú fò nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: bí ọkà kò bá dá yín lójú, ògì sísẹ́ sàn fún yín ju ògì eléèérí lọ.

Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ yọ èyí tó bá léfòó kúrò. Ẹ fi lítà mẹ́rin àbọ̀ omi tó mọ́ rẹ ẹ́ nínú ike tó ní ìdérí. Lẹ́yìn bíi wákàtí méjìlá ẹ da omi àkọ́kọ́ nù, ẹ rọ òmíràn sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ di wákàtí méjìdínláàádọ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ ọlọ́lọ, ẹ sọ pé kí ó fún ẹ̀rọ mọ́, kí ó sì lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sẹ́ ẹ bí ẹ ṣe ń sẹ́ ẹ. Èérí tó bá jáde, ẹ pín in sí mẹ́ta. Ìdá kan ni kí ẹ fi ẹ̀rọ ìlọta ilé pẹ̀lú ife omi méjì lọ̀ kúnná fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ sì dà á padà sínú ògì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í silẹ̀. Kí ó tó silẹ̀ ni mo wí. Bí ẹ bá fi í sí i nígbà tí ẹ bá ń ro ẹ̀kọ, kòkòrò ògì kò ní ráyè ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bí inú kò bá run yín, ẹ lè gbé e dé ìdajì èérí. Ẹ máa mu omi dáadáa. Èérí láìsí omi, ìgbẹ́ gbígbẹ ló ń fà.

Wákàtí mẹ́rìnlélógún ló tó fún kíkan lẹ́yìn ìyẹn. Òórùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan mọ́ni nímú láìní ìdíbàjẹ́, omi orí rẹ̀ á mọ́, ìfòfó kéékèèké á wà létí. Bí ẹ bá rí àwọ̀ osùn tàbí ewé lójú rẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ ó bù ú kúrò lórí, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù. Ògì eléèérí kì í pẹ́ tó ògì jíjọ̀lọ̀. Ojú ọkà ní òróró, láípéèsì tirẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń gé òróró náà, òun ló ń fa òórùn epo àtijọ́ tó máa ń mú ìyẹ̀fun ọkà àìsẹ́. Nínú fíríìjì, ọjọ́ mẹ́rin, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí kò bá sí iná, ẹ ṣe ìwọ̀nba tí ẹ ó mu tán ní ọjọ́ méjì.

Ẹ má kàn da omi gbígbóná lé e bí ẹ ṣe ń ṣe fún ògì lásán. Èérí kò ní jinná, á máa ha ọ̀fun. Ife ògì kan sí ife omi mẹ́ta: ẹ fi ife omi kan pò ó ní tútù, ẹ jẹ́ kí méjì yòókù hó, ẹ dà á sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa rò ó lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, èérí á silẹ̀ sí ìdí ìkòkò, á jó. Kò ní ki tó ti tẹ́lẹ̀, nítorí sítáàṣì inú rẹ̀ ti dínkù. Ẹ má fi í ṣe ẹ̀kọ tútù tí ẹ ó pọ́n sínú ewé. Kì í dì dáadáa, á sì máa fọ́ lọ́wọ́.

Ní ti ikùn tí ẹ fẹ́ kó fà sẹ́yìn, àkàrà ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ fi ife wọn epo kí ẹ tó dín in, ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá tutù tán. Ká ní ìdajì ife ló dín, ìyẹn bíi gíráàmù 110, tí àkàrà sì jẹ́ ogún, gíráàmù márùn-ún àbọ̀ ló wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àkàrà márùn-ún á fún yín ní bíi kálórì 250 láti inú epo nìkan. Orlistat gan-an kò lè yọ ju nǹkan bíi 75 kúrò nínú ìyẹn. Bí ẹ bá jẹ mọ́ínmọ́ín, tí ìpín tiyín nínú epo inú rẹ̀ kò ju ṣíbí ìjẹun kan lọ, kálórì 120 péré ni. Ọjọ́ tí ẹ bá máa dín àkàrà, kí epo gbóná dáadáa kí ẹ tó dà á sí i, nítorí epo tí kò gbóná ni àkàrà ń mu jù.

Àbúrò yín tó lóyún lè mu ògì eléèérí, àmọ́ kí ó má fi í gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn mì. Tánìnì àti phytate máa ń di irin inú oògùn náà mú kí ara má rí i lò. Kí ó fi tó wákàtí méjì ya ara wọn. Bí wọ́n bá ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, kí ó padà sí ògì sísẹ́ títí yóò fi bímọ.

Ti ọmọ ọmọ yín, ẹ sẹ́ ẹ bí ẹ ṣe ń sẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Ikùn ọmọ oṣù mẹ́jọ kéré, èérí á gba ààyè oúnjẹ níbẹ̀, á sì dí irin àti sínkì tó nílò lọ́wọ́. Ọ̀rá sì ni òun ń wá, kò sí ìdí láti dènà rẹ̀ fún un. Ẹ bu ìdajì ṣíbí tíì epo pupa tàbí ṣíbí ẹ̀pà lílọ̀ kan sí ẹ̀kọ rẹ̀, kí ẹ fi edé gbígbẹ tí ẹ lọ̀ kúnná sí i, kí ọmú ìyá rẹ̀ sì máa bá a lọ.